Bí a ṣe ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn láì pa ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu

Láti ìgbà tí mo ti wà lára àwọn obìnrin tó ń lọ kí àwọn ọlọ́fọ̀ nínú ìjọ wa ní Adó-Èkìtì, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí, yálà ní ọ̀nà ọjà tàbí lórí fóònù: “Kí ni kí n sọ bí mo bá débẹ̀?” Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe aláìláàánú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé àwọn yóò sọ ohun tí kò yẹ, nítorí náà àwọn kan kì í lọ rárá, àwọn mìíràn sì máa ń lọ, wọ́n á wá da gbogbo ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n mọ̀ lé ọlọ́fọ̀ lórí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ẹ kò lọ síbẹ̀ láti lé ìbànújẹ́ jáde nílé onílé, nítorí agbára yín kò ká a. Ẹ ń lọ kí ẹni náà má baà dá a gbé.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin kú, ẹni ọdún 31 ni. Ilé kún fún àlejò. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ìyá wa pé kí ó dúpẹ́ pé ọmọ náà kúkú fi ọmọ kan sáyé. Ìyá wa kò fèsì. Ó dìde, ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin aládùúgbò kan tó ń ta ẹ̀kọ wọlé, ó jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sọ ju “Yèyé, ẹ kú ìrọ́jú” lọ. Ó pẹ́ kí ó tó tún lanu, ó sì béèrè pé: “Kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ?” Ìyá wa wò ó. Ó ní iyán ni, iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ata rẹ̀ kò pọ̀, àti pé láti kékeré ló ti máa ń dúró ti odó kí ó lè he èyí tó bá ta síta. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń sunkún, bó ṣe ń sunkún ló ń sọ ọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gba ife ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì mu ún tán. Láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé, kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu.

Ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́kọ yẹn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ wádìí nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ìdílé náà, kí ẹ má fi í da ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀ láàmú:

- Ta ló kú, kí ni ó jẹ́ sí ẹni tí ẹ ń lọ kí, àgbà ni àbí ọ̀dọ́?
- Ṣé wọ́n ti túfọ̀ fún gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́?
- Ẹlẹ́sìn wo ni wọ́n? Àwọn Mùsùlùmí sábà máa ń sin òkú lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí náà ẹ má fi àbẹ̀wò wọn falẹ̀. Ní ti àwọn Kìrìsítẹ́nì, òkú lè wà ní ilé ìgbókùúsí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọlọ́fọ̀ yóò máa gba àlejò, yóò sì máa ná owó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó rójú sinmi.
- Kí ni kò sí nílé náà báyìí: omi ni, gáàsì ìdáná ni, àbí ẹni tí yóò mú ọmọ lọ sí ilé ìwé?

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ gidi mú. Ẹ má gbé àwòrán olóògbé sórí WhatsApp tàbí Facebook kí àwọn ẹbí tó túfọ̀. Mo mọ ọmọ kan ní yunifásítì tó jẹ́ pé àwòrán bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là tí ó ń jó lábẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, kí ẹnikẹ́ni nílé tó pè é.

Ẹ tún ro kíkí yín dáadáa. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè” wà fún ẹni tí àgbàlagbà rẹ̀ kú lẹ́yìn tó ti jẹun ọmọ. Ẹ má ṣe é kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, tàbí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú ní kékeré, nítorí òkú ọ̀fọ̀ ni ìyẹn. “Ẹ kú ìrọ́jú”, “Ẹ kú ọ̀fọ̀” tàbí “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” ló yẹ. Àti pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ní ẹni ọdún 90 ló fẹ́ jó. A máa ń sọ fún irú wọn pé ayọ̀ ni, kí wọ́n ra aṣọ ẹbí, kí wọ́n pe olórin, nígbà tí ohun tó wà lọ́kàn wọn jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò tún máa pe oríkì àwọn láàárọ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

1. Ẹ kí wọn ní ṣókí, bó ṣe yẹ ọjọ́ orí wọn. Gbólóhùn kan tàbí méjì tó. Bí wọ́n bá ń sọ Èkìtì nílé, tí ẹ̀yin náà sì gbọ́ ọ, Èkìtì ni kí ẹ bá wọn sọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, “ulé” máa ń wọ ènìyàn lára ju “ilé” lọ.

2. Ẹ jókòó síbi tí ojú yín àti tiwọn yóò ti dọ́gba. Bí ọlọ́fọ̀ bá wà lórí ẹní, ẹ má jókòó sórí àga kí ó máa gbórí sókè wò yín. Ẹ pa fóònù yín.

3. Ẹ fara da ìdákẹ́jẹ́. Èyí ló le jù fún ọ̀pọ̀ wa, nítorí a ti gbà pé àlejò tí kò sọ̀rọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù: ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láì sọ ohunkóhun, wọ́n sì ṣe é re, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí ìyà fi jẹ ẹ́ ni wọ́n bà á jẹ́.

4. Ẹ dárúkọ olóògbé. Àwọn ènìyàn máa ń sá fún orúkọ náà bíi pé yóò rán ọlọ́fọ̀ létí ohun tó ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Ẹ lè béèrè ohun kékeré bíi ti obìnrin ẹlẹ́kọ: oúnjẹ tó fẹ́ràn, orin tó máa ń kọ, bó ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀. Bí ẹni náà kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

5. Ẹ gbọ́ ìtàn náà títí dé òpin, kódà bó bá jẹ́ ìgbà kẹta tí wọn yóò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọlọ́fọ̀ máa ń tún un sọ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà á. Ẹ má bá a ṣe àtúnṣe ọjọ́ tàbí wákàtí, ẹ má sì sọ pé “bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe mí nígbà tí bàbá mi kú”, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ, òun ni yóò máa tù yín nínú.

6. Bí ẹkún bá dé, ẹ jẹ́ kí ó dé. Ẹ má ṣe bo ẹnu rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé “ó ti tó”. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tó ń sunkún kò tíì ya wèrè, kò sì tíì sọ ìgbàgbọ́ nù. Aṣọ ìnujú tí ẹ bá na sí i, tí ẹ sì jókòó síbẹ̀, ti tó.

7. Ẹ ṣe iṣẹ́ kan kí ẹ tó lọ. Ẹ fọ abọ́, ẹ fa omi, ẹ gbá àgbàlá. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ rọra béèrè bóyá ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, nítorí ọ̀fọ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé oúnjẹ, oorun àti oògùn lẹ́ẹ̀kan náà.

8. Ẹ má pẹ́ jù. Ìdajì wákàtí tó fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ ó padà wá, kí ẹ sì rí i pé ẹ wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dá kún ọgbẹ́

Ẹyin lohùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kí ó yára parí ìbànújẹ́ rẹ̀ kí ara lè tu àwa tó ń wò ó.

“Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe.” Ó lè jẹ́ pé ọlọ́fọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́, ẹ ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnu yín ló ti jáde, ohun tí ìyá tó pàdánù ọmọ máa ń gbọ́ ni pé Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí òun, àti pé bí òun bá sunkún, Ọlọ́run lòun ń bá jà. Kò sí ẹ̀sìn kankan nínú àwọn tí a ń ṣe ní Èkìtì tó ka ẹkún sí ẹ̀ṣẹ̀. Jésù sunkún nígbà ikú Lásárù. Ànábì Muhammad sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú. Ẹ lè sọ pé: “Kò yé mi, ó sì dùn mí gan-an.”

“Omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Àwọn tí oyún bàjẹ́ lára wọn tàbí tí ọmọ tuntun wọn kú ni a máa ń sọ èyí fún, pẹ̀lú “ẹ ṣì máa bí òmíràn”. Omi tó dànù yẹn lórúkọ lọ́kàn ìyá rẹ̀. Láti inú oyún ló ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mìíràn tí yóò dé lọ́jọ́ iwájú kò lè jẹ́ ọmọ yìí. Ẹ sọ pé: “Ẹ kú ìrọ́jú ọmọ yín.” Ẹ pè é ní ọmọ.

“Ẹ mú ọkàn le nítorí àwọn ọmọ.” Opó kò nílò ẹni tí yóò rán an létí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ pé: “Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú àwọn ọmọ jáde títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè sùn díẹ̀.”

“Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí.” Wọn kò ní pè. Agbára láti ronú ohun tí wọ́n nílò kò sí lára wọn. Ẹ dárúkọ ohun kan àti ọjọ́ kan: “Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé ọbẹ̀ wá ní aago mẹ́rin. Ẹ̀fọ́ ni àbí ilá?”

Ní ti àdúrà, ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: “Ṣé kí n gbàdúrà, àbí kí n kàn jókòó tì yín?” Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ kó kúrú, ẹ má sì fi àdúrà náà wàásù fún wọn. Ẹ má ṣe gbàdúrà lòdì sí ọ̀tá ilé létí opó, nítorí àfura ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ. Ẹ má béèrè pé “kí ló pa á?” Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ mọ̀, wọn yóò sọ fún yín.

Àṣìṣe mìíràn tí àwọn tó kàwé máa ń ṣe ni pé wọ́n á máa wá “ìpele márùn-ún” tí wọ́n ní ọ̀fọ̀ máa ń gbà kọjá nínú ọlọ́fọ̀, wọ́n á ní ó yẹ kó ti kúrò nínú ìbínú báyìí. Elisabeth Kübler-Ross, dókítà tó sọ nípa ìpele wọ̀nyẹn ní 1969, àwọn aláìsàn tí ikú ti sún mọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọ̀fọ̀ kì í to tẹ̀ léra bíi kíláàsì. Ó lè lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì padà dé nítorí òórùn aṣọ kan.

Àwọn tí a máa ń gbàgbé

*Àwọn ọkùnrin.* Gbogbo wa máa ń yí ìyàwó ká, a ó sì ní kí ọkọ lọ wá kánópì àti àga. A ti sọ fún un láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún. Ẹ wá ọkùnrin kan tí yóò jókòó tì í níta, tí yóò bá a rìn lọ sí oko tàbí lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn kò bá kojú sí ara wọn.

*Àwọn ọmọdé.* Mo mọ̀ pé àṣà wa ni láti sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ “rin ìrìn àjò” tàbí pé ó “ń sùn”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé bàbá rẹ̀ ń sùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun, èyí tí wọ́n sì sọ fún pé ó rìnrìn àjò yóò máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó fọkàn tán ni kó sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: “Bàbá ti kú. Ara rẹ̀ ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kò sì ní padà wá. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èmi ni màá máa mú ọ lọ sí ilé ìwé.” Yóò tún béèrè lọ́la. Ẹ tún un sọ.

*Òbí tí ọmọ rẹ̀ kú.* Nínú àṣà wa, òbí kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dáàbò bò wọ́n. Àwọn mìíràn ti sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn ì bá fẹ́ wo ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹbí fi pẹ̀lẹ́tù béèrè, kí wọ́n má kàn pinnu lẹ́yìn wọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká kánópì

Níbí ni ìbánikẹ́dùn tó ṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti dá àga padà, àwọn ará Èkó ti wọkọ̀, gbèsè ìnáwó sì wà nílẹ̀. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sínú fóònù yín, kí ẹ pe ọlọ́fọ̀ tàbí kí ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀:

- ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ilé bá dá
- ogójì ọjọ́
- ọjọ́ ìbí olóògbé
- Kérésìmesì, Iléyá tàbí ọdún ìjẹṣu àkọ́kọ́ láìsí i
- ọjọ́ tí yóò pé ọdún kan

Owó máa ń wúlò ní àsìkò yìí ju ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ láì kéde rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì ní owó, ẹ lọ bá wọn gún iyán lọ́jọ́ Àìkú kan.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́ dókítà

Àìrí oorun sùn, ìgbàgbé, ìbínú àti gbígbọ́ ohùn olóògbé lójú oorun wọ́pọ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Nínú ètò ìpínsọ́wọ̀ọ́ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, ọ̀fọ̀ lè di àìsàn bí ìrora rẹ̀ bá le títí kọjá oṣù 6, tó kọjá ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn ẹni náà kà sí ìwọ̀n, tí kò sì jẹ́ kí ó lè tọ́jú ara rẹ̀ tàbí ṣiṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò dókítà pẹ̀lú àdúrà. Àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Adó-Èkìtì àti Ìdó-Èkìtì.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de oṣù kankan bí ẹ bá gbọ́ “mo fẹ́ tẹ̀ lé e” tàbí “kí ni mo tún ń ṣe láyé?”, tàbí bí ẹni náà bá ń pín ẹrù rẹ̀, tí kò jẹun, tí kò mu omi:

1. Ẹ bi í ní tààràtà: “Ṣé ẹ ń ronú àtigba ẹ̀mí ara yín?” Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà síni lọ́kàn.
2. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.
3. Ẹ kó oògùn kòkòrò oko àti àpọ̀jù oògùn ilé kúrò nítòsí rẹ̀.
4. Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ

Ẹ padà lọ. Ẹ má ṣe ṣàlàyé púpọ̀, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí ọlọ́fọ̀ tún wá máa bẹ̀ yín. Gbólóhùn kan tó: “Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kò dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Èmi náà ti ṣe é. Ní Ìkéré, mo sọ fún obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú níbi ìkúnlẹ̀ pé omi ló dànù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì mo wọkọ̀ padà lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbólóhùn yẹn, mo sì dákẹ́. Ó dìde láì fèsì, ó wọ yàrá, mo rò pé bíi ti ìyá mi ni, kò ní jáde mọ́. Ó padà wá pẹ̀lú fìlà òwú kékeré kan, aláwọ̀ ewé, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi hun ún. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ gbọ́ orúkọ tí àwọn ti fẹ́ sọ ọ́.